Ká Tó Fọwọ́ Sí Òfin Ni Ká Sọ̀rọ̀

Ẹ̀yin ọlọ́jà Owódé, tí òfin owó ọjà bá jáde, ìgbà tí gómìnà bá ti fọwọ́ sí i tán la máa ń pariwo. Ó ti bọ́ nìyẹn! Aṣòfin 26 ló wà l'Ókè-Mosàn, ẹyọ kan péré ló ń ṣojú Ọbáfẹ́mi-Owódé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń ka àbá òfin. Lẹ́yìn kíkà kejì, ìgbìmọ̀ kékeré á gbé e yẹ̀wò. Ibẹ̀ ni wọ́n ti lè pe aráàlú wá sọ tẹnu wọn. Ìwé ni ká mú lọ o, ariwo kì í wọ fáìlì. Àwọn ìyá wa l'Ábẹ́òkúta, tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣíwájú wọn, kọ̀wé títí kí wọ́n tó lọ jókòó s'ẹ́nu ààfin lọ́dún 1947 nítorí owó orí obìnrin. Kí aláta, onígàrí, aláṣọ yan ẹnìkọ̀ọ̀kan wá sípàdé tó ń bọ̀, ká jọ kọ lẹ́tà sí aṣòfin wa.