Ọmọ Inú Rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ Ti Dàgbà

Orúkọ ni mo fẹ́ bá wíjọ́. Nínú “rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀”, ọmọ la dárúkọ. A gbàgbé pé ọmọ náà yóò dàgbà. Ní 2020, wọ́n kéde pé ògidì kòkòrò àrùn yìí ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Nàìjíríà. Síbẹ̀, ẹni tó kó o ní kékeré lè rí i, lẹ́yìn ọdún 15 sí 40, pé ẹsẹ̀ tí òun gbójú lé tún ń rọ. Àrùn kò padà. Kì í sì í ranni. Ìwọ̀nba iṣan tó ń jíṣẹ́ ọpọlọ, tó ti ń ṣe iṣẹ́ àwọn tó kú mọ́ tirẹ̀, ló rẹ̀. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò bá lè gun afárá ẹlẹ́sẹ̀ Gbàgádà mọ́, ẹ má pè é ní ọ̀lẹ, ẹ má sọ pé ayé ló ń ṣe é. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ èdè, ẹ bá wa wá orúkọ fún àìlera yìí, kí àgbà tó ń jẹ ìyà rẹ̀ lè rí ohun sọ fún dókítà.