Ilé Nínú Ìlú, Abà Nínú Oko: Ìmúrasílẹ̀ fún Ọjọ́ Líle

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó ń bọ́ ẹyẹ tí ó jáde ní òwúrọ̀ láìjẹun. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn Sàábé rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ìbéèrè kan ni a fẹ́ bi yín: bí ọjà bá tì fún oṣù mẹ́ta, kí ni yóò kù nínú ilé yín? Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àlá. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹta ọdún 2020, ìjọba àpapọ̀ sé ènìyàn mọ́lé ní Èkó, Ògùn àti Àbújá nítorí àrùn kòrónà. Ẹni tí ó ń jẹun òòjọ́ kò rí òòjọ́ mọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, owó wà ní bánkì, kò sí lọ́wọ́. Ènìyàn ń tò láti òwúrọ̀ kùtù nítorí náírà tí ó jẹ́ tirẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún kan náà, a kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin. Owó ọkọ̀ gòkè, ó sì fa owó oúnjẹ lọ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín ọdún mẹ́rin! Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wa kò tíì múra fún ìkẹrin.

Àwọn kan yóò wí pé gbígbára lé Ọlọ́hun ti tó. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹyẹ náà jáde kí ó tó yó. Ànábì Yúsúfù kò sọ fún ọba Íjíbítì pé kí ó jókòó kí ó máa ṣe àdúrà nìkan. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ọdún méje ni ó là sílẹ̀, ó sì ní kí wọ́n fi ọkà tí wọn kò bá jẹ sílẹ̀ nínú ṣírí rẹ̀. Àdíìsì tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ fi yé wa pé Ànábì wa pàápàá a máa fi oúnjẹ ọdún kan pamọ́ fún àwọn ará ilé rẹ̀. Ta ni ó gbára lé Ọlọ́hun jù ú lọ?

Àwọn baba wa mọ ọgbọ́n yìí. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé tú láàárín ọdún 1830 sí 1839, Aláàfin Àtìbà tẹ̀dó sí Àgọ́ Ọjà tí ó di Ọ̀yọ́ òní. Ọ̀pọ̀ ará ìlú kéékèèké tí ogun tú ká sì sá wọ inú odi Ògbómọ̀ṣọ́. Ṣùgbọ́n ènìyàn kì í jẹ odi. Ní ayé àwọn baba wa, baálé ní ilé nínú ìlú, ó ní oko etílé, ó sì ní oko ẹgàn àti abà ní ọ̀nà jíjìn. Bí ìlú bá le, abà ń bọ́ ilé. Bí abà bá dàrú, ilé ń gba ará abà. Ẹsẹ̀ méjì ni wọ́n fi dúró. Lónìí, a ń fi ọwọ́ ara wa gé ẹsẹ̀ kan. Ọ̀dọ́ ń ta ilẹ̀ baba rẹ̀ láti fi ra ọ̀kadà. Láìpẹ́, ọ̀kadà a di irin àlòkù, ilẹ̀ a sì ti di ti ẹlòmíràn.

Kí ni ṣíṣe? Ẹ̀yin ará abà, ẹ má ṣe ta gbogbo ìkórè nígbà tí ọjà kún. Ẹ fi iṣu ṣe gbodo, kí ó gbẹ dáadáa. Ẹ sá ẹ̀wà gbẹ, ẹ rọ ọ́ kún kẹ́ẹ̀gì dé ẹnu, ẹ dé e pinpin. Kòkòrò tí kò rí afẹ́fẹ́ yóò kú. Ẹ má ṣe da oró apakòkòrò sí i: NAFDAC ti kìlọ̀ rẹ̀, nítorí oró tí ó pa kòkòrò lè pa ẹni tí yóò jẹ ẹ́. Ìbẹ̀rù ajínigbé ní ọ̀nà oko kì í ṣe ohun kékeré. Nítorí náà, ẹ dá àáró sílẹ̀, ẹ jọ lọ, ẹ jọ bọ̀, kí àwọn Àmọ̀tẹ́kùn sì mọ ibi tí ẹ wà.

Ẹ̀yin ará ìlú, ẹ tún kànga yín ṣe, ẹ dé e, kí ó sì jìnnà sí ṣáláńgá. Ẹ fi owó díẹ̀ sílẹ̀ sí ilé. Ẹni tí ó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ó tán kí ó tó ra òmíràn. Ẹni tí ó ní ìwé ẹ̀rí, kí ó fi iṣẹ́ ọwọ́ kan kún un. Jù gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ má ṣe jẹ́ kí koríko hù sí ọ̀nà abà yín.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ra. Fífi oúnjẹ pamọ́ fún ìdílé yàtọ̀ sí kíkó ọjà pamọ́ kí ó lè wọ́n. Ẹlẹ́ṣẹ̀ ni Ànábì pe ẹni tí ó bá ṣe èkejì yìí. Àpò gàrí tí ó wà ní yàrá rẹ kò sì ní adùn bí ọmọ aládùúgbò rẹ bá sùn pẹ̀lú ebi. Àbá wa nìyí: kí mọ́sálásí kọ̀ọ̀kan ní àká. Ní ìgbà ìkórè, kí ilé kọ̀ọ̀kan mú kóńgò gàrí tàbí èlùbọ́ kan wá. Kí àgbẹ̀ tí ohun oko rẹ̀ pé ìwọ̀n yọ sàká rẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́wàá ohun tí òjò bọ́. Kí ènìyàn mẹ́ta olóòótọ́ máa kọ ọ́ sílẹ̀, kí a sì pín in fún aláìní kí iṣu titun tó jáde.

Bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ìkórè tí ń bọ̀ yìí. Kí Ọlọ́hun má ṣe jẹ́ kí ọjọ́ líle bá wa ní ọwọ́ òfo. Àmín.