Ẹ̀rù Wo Lẹ Tún Ń Wá Nínú Ìwé?

Láti ìgbà tí ìsinmi ti kó àwa mélòó kan jọ sí Ṣàrẹ́, ìbéèrè kan la fi ń kí ara wa: kí lò ń kà lọ́wọ́? Àwa tí à ń wí yìí ni àwọn olólùfẹ́ ìwé adẹ́rùbani inú ẹgbẹ́, àwọn tí ẹ máa ń sọ pé ìwé gidi kì í wù wọ́n kà. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fún yín ní èsì.

Ọ̀kan nínú wa ń ka Pet Sematary tí Stephen King gbé jáde ní 1983, níbi tí bàbá kan ti gbé òkú ọmọ rẹ̀ lọ sin sí ilẹ̀ tí òkú kì í sùn sí, tí ọmọ náà sì padà wálé, àmọ́ tí kì í ṣe òun mọ́. Òmíràn wà nídìí Dracula ti Bram Stoker, ìwé ọdún 1897 tí ojú rẹ̀ kò tíì gbó. Ẹnì kẹta ń ka The Icarus Girl tí Helen Oyeyemi gbé jáde ní 2005: ọmọbìnrin kan láti Lọ́ńdọ̀nù bá ìyá rẹ̀ wá sí Nàìjíríà, ó sì ní ọ̀rẹ́ kan tí ojú ẹlòmíràn kò tó. Ẹnì kẹrin ní Jackal, Jackal lọ́wọ́, àkójọ ìtàn kúkúrú tí Tobi Ogundiran gbé jáde ní 2023. Ẹnì karùn-ún gbé Àjà Ló Lẹrù wá, a sì ní kó gbé e padà. Ẹrù ló wà nínú àkọlé yẹn, kì í ṣe ẹ̀rù. (Ìwé Ọládẹ̀jọ Òkédìjí ọdún 1969 ni, ó sì dùn bí oyin, àmọ́ ọ̀rọ̀ olè àti ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ló wà nínú rẹ̀. Ẹ wo iṣẹ́ tí àmì ohùn ń ṣe!)

Ẹ padà ka àkójọ yẹn. Akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá ni gbogbo wa o. Ọ̀rọ̀ Yorùbá la fi ń jẹun lọ́la. Síbẹ̀, nígbà tó wù wá kí ẹ̀rù bà wá, Gẹ̀ẹ́sì la sá tọ̀ lọ. Ìyẹn nìkan ti tó ohun tí a lè fi gbogbo àròkọ yìí sọ. Àmọ́ ìyá ọ̀kan nínú wa, tó gbọ́ bí a ṣe ń jiyàn lórí ìwé King lẹ́yìn ilé, béèrè ọ̀rọ̀ kan tó jù ú lọ. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé èyí tó wà nígbó kò tó yín ni? Ẹ̀rù wo lẹ tún ń wá nínú ìwé?"

Ìyá kò fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣàrẹ́ ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ifẹ́lódùn. Ìjọba ìbílẹ̀ kan náà la jọ wà pẹ̀lú Òkè-Òde, níbi tí àwọn agbébọn ti wá pa àwọn fijilanté àti ọdẹ tó ń ṣọ́ ìlú ní ìparí oṣù September 2025. Ní oṣù November ọdún náà, wọ́n ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Èrúkù nígbà tí ìsìn ń lọ lọ́wọ́, wọ́n pa ènìyàn, wọ́n sì kó àwọn olùjọ́sìn wọgbó. Kò sí ẹni tí kò gbọ́ ní ilẹ̀ Ìgbómìnà. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kì í lọ sí oko ọ̀nà jíjìn mọ́. Nígbà tí ìyá bá wí pé "èyí tó wà nígbó", kì í ṣe iwin ni wọ́n ní lọ́kàn.

Èsì tó yá wa lẹ́nu lọ́jọ́ náà ni pé eré lásán ni ìwé, ṣé ènìyàn kò ní ṣeré ni? Nígbà tí a rò ó délẹ̀, a rí i pé èsì yẹn kò tó. Bí ó bá jẹ́ eré lásán ni, ìyá ló jàre. Ẹni tí iná ń jó ilé rẹ̀ kò gbọdọ̀ máa fi ìṣáná ṣeré.

Ohun tí a rò ni pé àwọn tí ẹ̀rù gidi ń lé gan-an ló ni ìtàn adẹ́rùbani. Ẹ wo My Life in the Bush of Ghosts tí Amos Tutùọlá gbé jáde ní 1954. Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ́, a mọ̀, àmọ́ Yorùbá ni egungun inú rẹ̀. Ọmọ ọdún méje ni ọmọ tí ìtàn náà dá lé lórí. Kí ló gbé e dé igbó àwọn iwin? Àwọn akónilẹ́rú ló ya wọ ìlú wọn. Ọmọ náà sá, ibi tó sá bọ́ sí ni igbó, ọdún 24 ló sì lò níbẹ̀ kó tó rí ọ̀nà ilé. Ajínigbé ló kọ́kọ́ dé nínú ìwé yẹn, iwin wá tẹ̀lé e. Bí a ṣe ka ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Ṣàrẹ́ níbí yàtọ̀ sí bí ẹni tó jókòó sí Lọ́ńdọ̀nù yóò ṣe kà á. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ogun Ìlọrin, ti Núpé àti ti Ìbàdàn fi ilẹ̀ Ìgbómìnà ṣe ọ̀nà, wọ́n kó ènìyàn lẹ́rú, wọ́n tú ìlú ká. Àwọn ọmọ àwọn tó sá nígbà náà ló jókòó pa àlọ́ iwin fún àwọn ọmọ tiwọn.

Ẹ̀rù tí a ń kó kiri nínú fóònù wa báyìí ńkọ́? Ẹ gbọ́ ohùn tí wọ́n ń ká sílẹ̀ sórí WhatsApp: "Ẹ má gba ọ̀nà báyìí o, wọ́n ti wà níbẹ̀." Ta ló sọ̀rọ̀? A kò mọ̀. Ìgbà wo ló sọ ọ́? Ó lè jẹ́ àná, ó lè jẹ́ èṣí. Kò ní òpin, ẹni tó sọ ọ́ kò ní orúkọ, ẹnìkan yóò sì tún fi ránṣẹ́ lálẹ́ bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀. Ìwé ní ojú ewé àkọ́kọ́ àti ojú ewé ìkẹyìn. Ẹni tó kọ ọ́ wà níwájú rẹ̀ tí ènìyàn lè bá jà. Bí ọkàn bá já wa, a ó pa á dé, a ó mu omi, a ó tún ṣí i nígbà tó bá wù wá. Ẹ̀rù kan ṣoṣo tí agbára rẹ̀ wà lọ́wọ́ wa nìyẹn, a kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á.

Tó bá wá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò dárúkọ Fágúnwà? A rò pé bí wọ́n ṣe fi kọ́ wa ló fà á. Láti ilé ẹ̀kọ́ girama ni wọ́n ti ń bi wá: àkànlò èdè mélòó ló wà ní ojú ewé yìí? Ẹ̀kọ́ wo ni ìtàn yìí kọ́ wa? A kọ ìdáhùn, a gba máàkì, a pa ìwé dé. Kò sí olùkọ́ kan tó bi wá rí pé: níbo ni orí rẹ ti wú?

Ibi tó yẹ kí orí ti wú pọ̀. Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní 1938. Kò pẹ́ rárá tí ìtàn bẹ̀rẹ̀ tí bàbá Àkàrà-ògùn fi yìnbọn lu ẹran kan, tó tẹ̀lé ipa ẹ̀jẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ náà sì ń darí rẹ̀ lọ sí ilé ara rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló bá níbẹ̀, tó ti di ààbọ̀ ènìyàn, ààbọ̀ ẹran. Ẹ mú ọ̀rọ̀ àjẹ́ kúrò, ẹ mú ọ̀rọ̀ ìwà kúrò, kí ẹ kàn dúró lórí ọkùnrin tó ń tọ ẹ̀jẹ̀ títí tó fi rí i pé ẹnu ọ̀nà òun ni. King kò ní ohun tó ju ìyẹn lọ. Nínú Igbó Olódùmarè tó tẹ̀lé e ní 1949, Àǹjọ̀nú Ìbẹ̀rù ni orúkọ ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu bodè igbó. Ìbẹ̀rù ni bodè fúnra rẹ̀! Ẹni tí kò bá kojú rẹ̀ kò ní wọlé.

A dán an wò. Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí kò sí iná, a ka ojú ewé díẹ̀ sókè nínú ìwé King, a sì rẹ́rìn-ín. Ilé tó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò jọ ilé wa, ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná ló ń dún nínú rẹ̀. A wá ka ibi tí Àgbákò ti jáde, pẹ̀lú ojú 16 tó yí orí rẹ̀ ká. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sẹ́ni tó fẹ́ dá nìkan lọ tọ̀ lẹ́yìnkùlé. Inú ara ni ẹ̀rù Yorùbá ń gbé: orí wú, àyà já, ara bù máṣọ, jìnnìjìnnì bo ènìyàn. Olóòótọ́ ni èdè yìí nípa ibi tí ẹ̀rù ń gbà wọlé.

Kì í ṣe pé Fágúnwà kò ní àléébù o. Olùkọ́ ni, ọmọ ìjọ sì ni, kò sì lè pa iṣẹ́ méjèèjì mọ́ra. Níbi tí ọkàn wa bá ti fẹ́ já gan-an, ló máa dúró wàásù. Ojú ewé míì wà tí a fẹ́ bẹ̀ wọ́n pé, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí iwin náà jáde ná." Fíìmù Yorùbá ti jogún àṣà yìí, ó sì ti bà á jẹ́ sí i. Ẹ̀rù yóò lọ fún wákàtí kan ààbọ̀, wòlíì tàbí aláàfáà yóò wọlé, yóò kígbe lẹ́ẹ̀mẹta, ó parí. Ta ló ń rí irú ìyẹn láyé? Nínú ìlú tí a wà yìí, a gbàdúrà, a ṣì tún ń ti ìlẹ̀kùn.

Ohun tó ń dùn wá nìyí: láàárín wa tó mọ̀ nípa fọ́nrán ìhun àti ìṣọwọ́lo-èdè, kò sí ẹni tó ti kọ ìtàn adẹ́rùbani kan ní Yorùbá tí ẹlòmíràn lè kà parí. Ohun èèlò sì wà. Ìrìn-àjò kúkúrú ni Èṣìẹ́ sí wa. Ère òkúta tó wà níbẹ̀ ju 1,000 lọ, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n kọ́ fún wọn ní 1945 sì ni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ wọn jókòó lórí àpótí, àwọn míì mú ohun ìjà dání. Ìtàn tí a gbọ́ nígbà èwe ni pé ènìyàn ni wọ́n, àlejò tó wọ ìlú tó sì di òkúta. Ẹ dúró láàárín wọn kí ẹ wo bí wọ́n ṣe kọjú síra. Ẹni tó bá ní àwọn àlejò wọ̀nyẹn gbọ́ nígbà tí ẹsẹ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo, ẹ jọ̀ọ́, kó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wa. Àkúdàáyà náà wà ńbẹ̀: ọkọ tí wọ́n ti sin sí Ṣàrẹ́, tí ẹnìkan tún rí tó ń ta aṣọ ní ọjà ìlú míì, tó ti bímọ méjì. A kò fẹ́ wòlíì níparí o.

Ẹ̀yin àgbà wa tó ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde, a mọ̀ pé àwọn ìwé kan ń bẹ nínú àpótí yín tí a kò rí rà mọ́. Ẹ sọ àkọlé wọn fún wa, kí ẹ sì sọ ojú ewé tí ẹ kò lè kà ní òru. Ní tiwa, ẹ̀dà Igbó Olódùmarè kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ wa, ẹ̀yìn rẹ̀ ti já, a fi téèpù dì í. Ẹni tó ń ka Dracula ti gbé ìyẹn kalẹ̀, òun ló kàn. Ìyá tó bi wá léèrè ọjọ́sí náà ti ní kí a máa kà á sókè kí àwọn lè gbọ́, àmọ́ kó jẹ́ ní ọ̀sán.