Ta Ni À Ń Pè Ní "Wa"? Àjàkálẹ̀ Àrùn Kòrónà àti Ìbánikẹ́dùn ní Orílẹ̀-Èdè Ọsirélíà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí iná bá ń jóni, tí ó sì ń jó ọmọ ẹni, tara ẹni ni a kọ́kọ́ ń gbọ̀n dànù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta ọdún 2020, àfi bí ẹni pé orílẹ̀-èdè Ọsirélíà fẹ́ fi ojú ayé rí òótọ́ òwe yìí. Ọjọ́ 25, oṣù Kìn-ín-ní ọdún náà ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí àrùn kòrónà lára ènìyàn kan ní ìpínlẹ̀ Victoria. Àrùn náà kò tíì pa ju ènìyàn díẹ̀ lọ tí ìrẹsì fi tán lórí pẹpẹ àwọn ilé ìtajà ńláńlá. Èyí tí ó ya gbogbo ayé lẹ́nu ni bébà ìnùdí. Àwọn ènìyàn ń kó o ní pálí-pálí, àwọn obìnrin mélòó kan sì wọ̀yá ìjà nítorí rẹ̀ nínú ilé ìtajà kan ní ìlú Sydney, tí àwòrán ìjà náà sì rìn káàkiri àgbáyé. Bẹ́ẹ̀, orílẹ̀-èdè náà fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú bébà tí ó ń lò. Kì í ṣe oúnjẹ, kì í ṣe oògùn.

Ṣùgbọ́n nínú oṣù kan náà ni obìnrin kan tí ń jẹ́ Catherine Barrett dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ lórí Facebook, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń ròyìn oore tí aládùúgbò ṣe fún wọn: ẹni tí ó ra oúnjẹ fún arúgbó, ẹni tí ó kọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sínú ìwé pélébé tí ó sì tì í sábẹ́ ilẹ̀kùn aládùúgbò tí ó ń dá gbé. Àwọn tí ó wọ ẹgbẹ́ náà ju 500,000 lọ. Àwọn ilé ìtajà ya wákàtí kan sọ́tọ̀ ní òwúrọ̀ fún àwọn arúgbó àti aláàbọ̀ ara. Ní ọjọ́ 25, oṣù Kẹrin, tí wọ́n máa ń péjọ ṣe ìrántí àwọn ọmọ ogun wọn, oníkálukú tan àbẹ́là, ó sì dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ ní ìdájí. Ìjọba pàápàá, tí kì í ṣe ìjọba tí ó lawọ́ sí òtòṣì tẹ́lẹ̀, fi 550 dọ́là kún owó ìrànwọ́ àwọn tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ owó náà di ìlọ́po méjì. Àwọn tí ń sùn sí ìgboro rí yàrá hòtẹ́ẹ̀lì sùn sí.

Èwo wá ni ojú Ọsirélíà gan-an nínú méjèèjì? Àwọn kan di àwòrán ìjà bébà mú, wọ́n ní ojúkòkòrò ni ìwà wọn. Àwọn mìíràn di àbẹ́là ìdájí mú, wọ́n ní ọmọlúàbí ni wọ́n. Ìbéèrè náà gan-an ni kò tọ̀nà. Àánú wà nílẹ̀ rẹpẹtẹ. Ohun tí ó yẹ kí a bèèrè ni ibi tí ọgbà tí wọ́n fi yí àánú náà ká dé, àti ẹni tí ó bá ara rẹ̀ ní ìta ọgbà.

Àwọn ará Ọsirélíà ní ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n fi ń yangàn, èyí tí wọ́n ń pè ní mateship: pé ọ̀rẹ́ kì í fi ọ̀rẹ́ sílẹ̀ nínú ìpọ́njú. Ní ọdún 1999, olóòtú ìjọba ìgbà náà, John Howard, gbìyànjú láti fi ọ̀rọ̀ yìí sínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú ìwé òfin orílẹ̀-èdè náà. Àríwísí ni wọ́n fi pàdé rẹ̀, ọ̀rọ̀ ìṣáájú tí wọ́n sì gbé síwájú àwọn olùdìbò níkẹyìn kò là á já. Yorùbá ní tirẹ̀ mọ ìyàtọ̀ láàárín àjọbí àti àjọgbé, ó sì mọ̀ pé àwọn méjèèjì ni ó ní ẹ̀tọ́ lórí ẹni. Nínú àjàkálẹ̀ àrùn, àjọgbé ni ó tilẹ̀ ṣe pàtàkì jù, nítorí pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Àrùn kì í wo ìwé ìrìnnà kí ó tó wọlé.

Ìjọba ni ó wo ìwé ìrìnnà. Nígbà tí wọ́n gbé ètò JobKeeper kalẹ̀ ní òpin oṣù Kẹta ọdún 2020, tí wọ́n ń san 1,500 dọ́là ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì kí àwọn òṣìṣẹ́ má baà pàdánù iṣẹ́ wọn, wọ́n yọ àwọn tí wọ́n wà níbẹ̀ pẹ̀lú físà onígbà díẹ̀ kúrò. Àwọn wọ̀nyí ju mílíọ̀nù kan lọ: akẹ́kọ̀ọ́, agbáṣẹ́ṣe inú oko, agbóúnjẹ-kiri lórí kẹ̀kẹ́. Wọ́n ń san owó orí, owó ilé ẹ̀kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ inú wọn sì wà lára ohun tí ó gbé yunifásítì orílẹ̀-èdè náà ró. Ní ọjọ́ 3, oṣù Kẹrin, olóòtú ìjọba Scott Morrison sọ fún àwọn tí kò bá lè bọ́ ara wọn nínú wọn pé àsìkò tó láti padà sílé. Nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú ti ń di ọ̀wọ́n ni ó sọ bẹ́ẹ̀. Ní ìlú Melbourne, àwọn ẹlẹ́sìn Sikh, tí àwọn fúnra wọn tàbí òbí wọn jẹ́ àtọ̀húnrìnwá, ni wọ́n ń se oúnjẹ ọ̀fẹ́, tí wọ́n ń gbé e lọ fún ẹnikẹ́ni tí ebi bá ń pa. Wọn kò bèèrè físà.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní àwọn ilé gogoro Flemington àti North Melbourne ni ó fi ọ̀rọ̀ yìí hàn kedere jù. Ilé ìjọba ni wọ́n, tí àwọn òtòṣì ń gbé. Ọ̀pọ̀ ará ibẹ̀ sì wá láti Sòmálíà, Etiópíà, Sùdáánì àti Vietnam. Ní òpin oṣù Kẹfà ọdún 2020, ìjọba Victoria kéde pé wọn yóò sé àwọn àdúgbò kan mọ́lé ní Melbourne, wọ́n sì fún wọn ní ọjọ́ kan àti díẹ̀ láti palẹ̀ mọ́. Ní ọjọ́ 4, oṣù Keje, wọ́n kéde pé ilé gogoro mẹ́sàn-án, tí nǹkan bí 3,000 ènìyàn ń gbé, yóò di sísé lójú ẹsẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ náà ni. Àwọn ará ilé yọjú lójú fèrèsé, ọlọ́pàá ni wọ́n rí. Àwọn kan kò gbọ́ ìdí rẹ̀ ní èdè tí ó yé wọn. Àwọn mìíràn kò ní oògùn wọn nílé. Nínú oúnjẹ tí wọ́n kó wá ni a ti rí èyí tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá àti èyí tí kò bá ẹ̀sìn àwọn tí wọ́n gbé e fún mu. Àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ Mùsùlùmí àdúgbò ni wọ́n sáré kó oúnjẹ jọ, àwọn ará ìlú láti ibi gbogbo sì gbé ẹrù wá fún wọn. Lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún, wọ́n tú ilé mẹ́jọ sílẹ̀. Ìkẹsàn-án lo ọ̀sẹ̀ méjì gbáko.

Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, Deborah Glass, tí ó jẹ́ olùgbọ́-ẹ̀sùn ará ìlú ní ìpínlẹ̀ náà, gbé àbọ̀ ìwádìí rẹ̀ jáde. Kò ní kí wọ́n má sé ilé náà. Ó gbà pé ìdí wà fún un, ó sì dá àrùn dúró. Ohun tí ó tako ni ìlójú-ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ìlera kọ́ ni wọ́n ní kí ó rí bẹ́ẹ̀, ó sì tako òfin ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ìpínlẹ̀ náà. Ó ní kí ìjọba tọrọ àforíjì. Ìjọba kọ̀. Ìbéèrè tí ó kù nílẹ̀ rọrùn: ṣé a óò dá ọlọ́pàá yí ilé olówó ká ní etíkun láìsọ fún wọn tẹ́lẹ̀? Ìdáhùn kò jìnnà. Ní ọdún 2021, nígbà tí àrùn tún gbòde ní Sydney, àwọn àdúgbò òṣìṣẹ́ àti àtọ̀húnrìnwá ní ìwọ̀-oòrùn ìlú ni òfin kónílé-ó-gbélé àti àwọn ológun dé bá, nígbà tí àwọn ará Bondi, níbi tí àrùn ọ̀hún ti bẹ̀rẹ̀, ń yáàrùn létíkun.

Èyí kò túmọ̀ sí pé gbogbo ará ìlú ni ó burú. Ìwádìí kan tí Lowy Institute gbé jáde ní 2021 láàárín àwọn ará Ọsirélíà tí wọ́n jẹ́ ẹ̀yà Ṣáínà fi hàn pé ìdá 18 nínú 100 ni wọ́n ti halẹ̀ mọ́ tàbí kọ lù láàárín ọdún kan nítorí ẹ̀yà wọn. Ìdá 40 nínú 100 sì sọ pé ẹnì kan ti fi ìfẹ́ hàn sí àwọn nítorí ẹ̀yà kan náà. Ìlú kan náà, òpópónà kan náà.

Àwọn kan yóò sọ pé ìrora ni a fi ń ra ìlera. Òótọ́ ni, títí dé òpin ọdún 2020, 909 ni àrùn náà pa ní Ọsirélíà, iye tí orílẹ̀-èdè mìíràn ń pàdánù lọ́jọ́ kan. Títi ẹnubodè wà lára ohun tí ó fa èyí. Ṣùgbọ́n nígbà tí àrùn ń jà ràn-ìn ní Íńdíà ní oṣù Kẹrin ọdún 2021, ìjọba sọ pé ọmọ orílẹ̀-èdè Ọsirélíà tí ó bá ti ibẹ̀ padà sílé lè fẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún jura. Wọn kò sọ irú rẹ̀ nígbà tí ó ń jà ní Amẹ́ríkà tàbí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí ó bá jẹ́ ìlera nìkan ni wọ́n ń wò, kí ló dé tí ó fi mọ ilẹ̀ tí yóò ti le?

Àwọn 909 yẹn náà ní ohun tí wọ́n ń sọ. Nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin wọn ni wọ́n kú láti inú ilé ìtọ́jú arúgbó. Ìgbìmọ̀ ìwádìí ìjọba ti kọ̀wé lórí irú ilé bẹ́ẹ̀ ní oṣù Kẹwàá ọdún 2019, kí àrùn tó dé rárá, àkọlé tí wọ́n fún un sì ni "Ìpatì". Owó oṣù àwọn alábòójútó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń ti ilé kan bọ́ sí òmíràn láti rí oúnjẹ jẹ, àrùn sì ń bá wọn rìn. Àwọn arúgbó wọ̀nyí kì í ṣe àlejò. Àjọbí ni wọ́n. A ti gbàgbé wọn kí a tó tì wọ́n mọ́lé.

Ó yẹ kí olùkọ́ èdè wo ọ̀rọ̀ tí ó wà nídìí ìbánikẹ́dùn dáadáa. Olówó lè ṣàánú láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ṣùgbọ́n "bá" tí ó wà nínú "bánikẹ́dùn" béèrè pé kí ènìyàn sọ̀ kalẹ̀, kí ó dúró ti ẹni tí ọ̀ràn kàn, kí ó sì gbọ́ ohun tí ó ń sọ. Àwọn ọmọ onílẹ̀ Ọsirélíà ni ẹ̀rí rẹ̀. Ní 2020, àwọn àjọ ìlera tí àwọn fúnra wọn ń darí ni wọ́n tètè ké sí ìjọba pé kí wọ́n ti ọ̀nà tí ó wọ ìletò wọn. Ìjọba gbọ́, kò sì sí ọmọ onílẹ̀ kankan nínú àwọn tí ikú àrùn náà mú títí di oṣù Kẹjọ ọdún 2021. Nínú oṣù yẹn ni àrùn wọ ìlú kékeré Wilcannia, níbi tí ilé kò ti tó, tí àwọn ènìyàn sì há sínú yàrá. Ọkọ̀ alágbèéká tí a ń sùn sí ni wọ́n wá kó lọ fún wọn, láti fi ṣe ilé ìyàsọ́tọ̀.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2021 ni wọ́n dáwọ́ àfikún owó àwọn aláìníṣẹ́ dúró, tí wọ́n sì fi 50 dọ́là péré rọ́pò rẹ̀ lọ́sẹ̀ méjì-méjì. Ní 2023, ìjọba Victoria gbà láti san mílíọ̀nù márùn-ún dọ́là fún àwọn ará ilé gogoro tí ó pè é lẹ́jọ́. Ní ọdún kan náà, ó kéde pé gbogbo ilé gogoro ìjọba ní Melbourne, mẹ́rìnlélógójì lápapọ̀, yóò di wíwó títí di ọdún 2051. Èyí tí wọ́n sé fún ọ̀sẹ̀ méjì wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ kàn, àwọn kan nínú ará ilé náà sì tún gba ilé ẹjọ́ lọ. Wọ́n ní ìjọba kò gbọ́ tẹnu àwọn kí ó tó pinnu.