Wọ́n Ń Bá Ẹ Jà Nílé!

Ẹ̀yin ará họ́sítẹ́ẹ̀lì, ta ló sọ pé gbogbo àyà tó ń já, ọ̀tá ló fà á? Lálẹ́ ìdánwò, àyà mi ń lù kìkì, ọwọ́ ń gbọ̀n, èémí ò délẹ̀. Mo ní ikú dé. Rúùmeètì mi ní, "Wọ́n ń bá ẹ jà nílé." Àwọn wo? Mo gbàdúrà o, n ò kọ̀. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ló là mí lóye: ìjáyà ọ̀hún sábà máa ń dé góńgó láàárín ìṣẹ́jú 10, á sì rọlẹ̀, kí n rọra máa mí. Láti 1954 ni Lambo ti fi àwọn aláìsàn ọpọlọ sílé àwọn ará abúlé ní Àró, Abẹ́òkúta. Àwa tá a kàwé ńkọ́? Dárúkọ Àró ní kíláàsì, wèrè ni wọ́n á pè ẹ́! Ìdánwò ku ọ̀sẹ̀ méjì. Rúùmeètì mi náà ò sùn lánàá.