Ìparọ́rọ́ Tí Wọ́n Ń Tà Ní Ìgbèríko Japan

Àwọn àgbà ní, àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Òwe yìí ló yẹ kí wọ́n kọ sára gbogbo kẹ̀kẹ́ ológeere tí àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ ń gùn kiri ìgbèríko Japan lóde òní. Ọjà náà ti gbilẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó wà ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ń kó àlejò jọ, wọ́n ń yan afinimọ̀nà fún wọn, wọ́n sì ń fi ọkọ̀ kó ẹrù wọn ṣáájú. Àwọn àlejò yóò máa wa kẹ̀kẹ́ wọn jẹ́jẹ́ láàárín oko ìrẹsì, láti tẹ́ńpìlì dé tẹ́ńpìlì, títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, tí wọn yóò sì wọ ilé àlejò àtijọ́, níbi tí ẹní, omi gbígbóná àti oúnjẹ aládùn ti ń dúró dè wọ́n.

A kò bínú ìgbádùn ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ṣiṣẹ́ tó rí owó, kó fi ṣe fàájì. Ohun tí a ń bá jà ni ọ̀rọ̀ kan tí kì í wọ́n nínú ìpolówó ọjà náà: ìparọ́rọ́. Wọ́n ní ọ̀nà dá, wọ́n ní ariwo kò sí, wọ́n ní Japan àtijọ́ tí ayé òde òní kò tíì fọwọ́ bà nìyẹn. Irọ́ ni. Ìgbèríko Japan kò pa rọ́rọ́ báyìí láyé àtijọ́. Ohun tí wọ́n ń tà fún àlejò kì í ṣe àṣà, òfò ni. Àwọn tó yẹ kó máa pariwo níbẹ̀ ni kò sí níbẹ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ kí á wo ẹ̀rí. Ní nǹkan bí ọdún 2008 ni iye ènìyàn Japan dé góńgó, ó tó mílíọ̀nù 128. Láti ìgbà náà ló ti ń dín kù. Ọmọ tí àwọn ará Japan bí ní odindi ọdún 2024 kò pé 700,000. Nínú ènìyàn 100, nǹkan bí 29 ló ti pé ọmọ ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ìṣirò gbogbo orílẹ̀-èdè nìyẹn; ti ọ̀pọ̀ abúlé orí òkè àti ti erékùṣù ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Nígbà tí ìjọba ṣe ètò kíka ilé ní 2023, ilé tí ẹnikẹ́ni kò gbé inú wọn tó mílíọ̀nù 9. Láàárín ọdún 2002 sí 2020, ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba tí wọ́n tì pa lé ní 8,000. Abúlé tí kò ní ilé-ẹ̀kọ́, ta ni yóò kó ọmọ wẹ́wẹ́ lọ síbẹ̀? Ibi tí kò sì sí ọmọ wẹ́wẹ́, níbo ni ariwo yóò ti wá?

Abúlé kan wà tí ń jẹ́ Nagoro, ní àfonífojì Iya, ní erékùṣù Shikoku. Obìnrin kan níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi aṣọ gbígbó àti ìwé ìròyìn ṣe ọmọlangidi tó ga tó ènìyàn, ó sì ń gbé wọn sí ojú ọ̀nà, sí inú oko, sí ibùdókọ̀, gẹ́gẹ́ bí ìrántí àwọn tó ti kú àti àwọn tó ti ṣí lọ. Ní 2012, wọ́n ti ilé-ẹ̀kọ́ abúlé náà pa. Ọmọlangidi ló jókòó sínú kíláàsì báyìí. Àwọn àlejò ń lọ síbẹ̀ láti ya fọ́tò, wọ́n ní ibẹ̀ wuyì. Baálé kú, ilé dahoro. Ṣé ahoro ló wá di ohun ìwòran?

Kì í ṣe àmúwá Ọlọ́run lásán ni gbogbo èyí. Ìpinnu ènìyàn wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, iṣẹ́ àti owó dà gììrì lọ sí Tokyo, Osaka àti Nagoya, àwọn ọ̀dọ́ sì tẹ̀ lé e. Nígbà tó yá, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í da àwọn ìlú kéékèèké pọ̀ mọ́ ìlú ńlá. Àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tó lé ní 3,200 ní ọdún 1999 kò ju nǹkan bí 1,700 lọ mọ́ ní 2010.

Ọdún 1999 yìí kan náà ni wọ́n ṣí Shimanami Kaido, ọ̀nà tí àwọn oníkẹ̀kẹ́ ayé fẹ́ràn jù ní Japan. Ó tó 70 kìlómítà láti Onomichi dé Imabari, ó ń gba orí afárá kọjá lórí erékùṣù mẹ́fà. Wọ́n fa ìlà aláwọ̀ búlúù sójú ọ̀nà kí àlejò má baà ṣìnà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọdún 2006 fi bẹ̀rẹ̀, kò sí ọ̀kan nínú àwọn erékùṣù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó ní ìjọba ìlú tirẹ̀ mọ́: a ti pín wọn fún Onomichi àti Imabari. Wọ́n ṣí ọ̀nà fún àlejò, wọ́n sì gba àṣẹ lọ́wọ́ onílé.

Ẹ wo àwọn tẹ́ńpìlì pàápàá. Ní Shikoku, tẹ́ńpìlì 88 ló wà lójú ọ̀nà ìrìn-àjò mímọ́ tó tó 1,200 kìlómítà, tí wọ́n so mọ́ orúkọ Kukai, àlùfáà tó gbé ayé láti 774 sí 835. Ohun tó mú ìrìn náà wà láàyè ju òkúta àti igi lọ ni àṣà tí wọ́n ń pè ní osettai: ará abúlé yóò fún ẹni tó ń rìn ní ọsàn, tíì, oúnjẹ tàbí ibi tí yóò sùn, kò sì ní gba owó, nítorí ó gbà pé òun náà pín nínú èrè ìrìn ọ̀hún. Ta ni yóò na ọsàn sí àlejò nígbà tí ìyá arúgbó tó kẹ́yìn lójú ọ̀nà bá kú? Afinimọ̀nà lè ra ọsàn fún àwọn oníbàárà rẹ̀ o, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe osettai. Àwọn tẹ́ńpìlì abúlé náà, ìdílé tó yí wọn ká ló ń dáwó tọ́jú wọn láti ìran dé ìran. Bí ìdílé bá tán, àlùfáà kan á máa bójú tó tẹ́ńpìlì méjì mẹ́ta, òjò á sì máa jo èyí tó kù.

Bákan náà ni ilé àlejò. Ní nǹkan bí 1980, ilé àlejò ti ìbílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ryokan lé ní 80,000 ní Japan. Ní 2018, wọn kò pé 40,000. Ọ̀pọ̀ ló tì nítorí pé onílé ti darúgbó, kò sì sí ọmọ tó fẹ́ gba iṣẹ́ náà. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ilé tí ọmọdé ti kúrò, àgbà nìkan kò lè dá a gbé.

Àwọn kan yóò dá wa lóhùn pé owó àlejò gan-an ni yóò gba ìgbèríko là. Ohun tí ìjọba Japan pàápàá ń sọ nìyẹn. Àlejò tó wọ Japan ní 2024 lé ní mílíọ̀nù 36, ìjọba sì fẹ́ kí wọ́n di mílíọ̀nù 60 ní 2030, kí wọ́n sì tàn kálẹ̀ kọjá Tokyo àti Kyoto. A kò sọ pé owó náà kò wúlò. Ṣùgbọ́n kí ni owó tí wọ́n san ní London kó tó dìde nílé fẹ́ ṣe fún abúlé tí àlejò sáré gbà kọjá láàárín wákàtí kan? Àlejò kì í bímọ sí abúlé, kì í dúró de dókítà, kì í tún ojú odò oko ìrẹsì ṣe. Ó ń lọ lọ́la.

Ẹ̀rí pé ọ̀nà mìíràn wà ni Tsumago, ìlú kékeré kan lójú ọ̀nà àtijọ́ Nakasendo, tó so Kyoto pọ̀ mọ́ Edo, èyí tó di Tokyo. Nígbà tí ìlú náà ń lọ sópin, àwọn ará ibẹ̀ ló kó ara wọn jọ. Ní 1971 wọ́n ṣe àdéhùn pé àwọn kò ní ta ilé àwọn, àwọn kò ní fi háyà, àwọn kò sì ní wó o. Ní 1976, ìjọba fi Tsumago sára àwọn ìlú àkọ́kọ́ tí òfin dáàbò bò. Ọjọ́ ogbó kan àwọn náà o, ṣùgbọ́n onílé ló ń pàṣẹ ohun tí àlejò yóò bá níbẹ̀. Ìyàtọ̀ nìyẹn.

Nítorí náà, ohun tí a ń béèrè kò pọ̀. Kí afinimọ̀nà sọ òtítọ́ ojú ọ̀nà: pé ilé-ẹ̀kọ́ kan wà níhìn-ín, ọdún báyìí ni wọ́n tì í. Kí àwọn tó ń ta ìrìn-àjò náà gba ọmọ ìlú ṣe afinimọ̀nà, kí wọ́n háyà kẹ̀kẹ́ níbẹ̀, kí wọ́n sì jẹ́ kí àlejò sùn nílé ìdílé, kó sùn ju ẹyọ alẹ́ kan lọ. Ní ti ìjọba Japan, láti Oṣù Kìn-ín-ní 2019 ló ti ń gba owó orí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá ń kúrò ní orílẹ̀-èdè náà, ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò afẹ́ ló sì ní kí wọ́n ná an sí. Kó yí òfin náà padà, kí owó náà lè gbé bọ́ọ̀sì, dókítà àti ilé-ẹ̀kọ́ padà sí abúlé. Kó sì dẹ́kun kíka iye àlejò tó wọlé bí ẹni pé òun ni ìlera ìgbèríko. Iye ọmọ tó wọ ilé-ẹ̀kọ́ ni kó kà.

Ẹni tó bá fẹ́ wa kẹ̀kẹ́ lọ sí Japan, kó máa lọ. Ọ̀nà ibẹ̀ dára lóòótọ́. Ṣùgbọ́n tó bá dé ibi tó pa rọ́rọ́ tó sì dùn mọ́ ọn nínú, kó sọ̀ kalẹ̀, kó béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá níbẹ̀ pé: níbo ni àwọn ènìyàn ibí yìí lọ?