Ẹ Má Sọ Aya Yín Di Nọ́ọ̀sì

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí kíndìnrín ẹnìkan bá ti fẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀, àwọn dókítà á bi í bóyá inú ilé rẹ̀ ni yóò ti fẹ́ máa fọ ẹ̀jẹ̀. Ìbéèrè yìí kan àwa Yorùbá tó wà níbẹ̀ gbọ̀ngbọ̀n. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà pọ̀ láàárín wa. Àwọn onímọ̀ sì ti fi hàn ní ọdún 2010 pé àwọn àyípadà kan nínú àbùdá tí wọ́n ń pè ní APOL1 ń fi kún ewu àìsàn kíndìnrín. Àwọn àyípadà náà wọ́pọ̀ lára àwọn ìran Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, Yorùbá sì wà nínú wọn.

Fífọ ẹ̀jẹ̀ nílé dára, n kò ní parọ́. Ẹni tó ń lọ sí ọsibítù sábà máa ń lọ ní ìgbà 3 lọ́sẹ̀, bíi wákàtí 4 lórí àga lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, láìka ìdúró de ọkọ̀. Nílé, ó lè jẹ́ ẹ̀rọ tó ń fa ẹ̀jẹ̀ láti apá, tó ń fọ̀ ọ́, tó sì ń dá a padà. Ó sì lè jẹ́ ti ikùn: rọ́bà tín-ínrín kan á gba inú ikùn wọlé, omi bíi lítà 2 á gba ibẹ̀ wọlé, á jókòó fún wákàtí mélòó kan kí wọ́n tó tú u jáde, bíi ìgbà 4 lójúmọ́. Àwọn mìíràn ń so ara wọn mọ́ ẹ̀rọ lálẹ́, iṣẹ́ á parí kí ilẹ̀ tó mọ́. NHS, àjọ ìlera ìjọba ibẹ̀, ló ń gbé ẹ̀rọ àti báàgì omi wá, àwọn nọ́ọ̀sì rẹ̀ ló sì ń kọ́ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni bí a ṣe ń pín iṣẹ́ náà. Kí nọ́ọ̀sì tó sọ̀rọ̀ tán, ọkọ ti dáhùn: "Ìyá Tóbi á máa bá mi ṣe é." Kò sẹ́ni tó bi Ìyá Tóbi. Obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ òru nílé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà, tó ń tibẹ̀ bọ̀ láàárọ̀ wá múra fún ọmọ, òun náà ni yóò tún máa so rọ́bà, tí yóò máa gún abẹ́rẹ́, tí yóò máa gbé páálí omi gun òkè. Ọkọ á tún ní kò gbọ́dọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni, kí ayé má baà gbọ́. Ìyà ni mo ka irú àṣírí bẹ́ẹ̀ sí. Bí aya ló ń ṣàìsàn ńkọ́? Ó lè wọ ọkọ náà lọ́rùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àbúrò ìyàwó ni wọ́n sábà máa ń ránṣẹ́ pè nígbà náà.

Ẹ jẹ́ kí aláìsàn ṣe ohun tí agbára rẹ̀ bá ká. Ọ̀pọ̀ ló ń fúnra wọn gún abẹ́rẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kọ́ wọn. Ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 2017 ni FDA, àjọ tó ń rí sí oògùn àti ẹ̀rọ ìwòsàn, ti fọwọ́ sí ẹ̀rọ kan tí àwọn aláìsàn kan lè dá lò nílé láìsí olùrànlọ́wọ́. Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ jọ lọ síbi ìdálẹ́kọ̀ọ́, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ níwájú nọ́ọ̀sì: ta ni yóò to nǹkan, ta ni yóò gún abẹ́rẹ́, ta ni yóò da ìdọ̀tí nù.

Ohun tí olùrànlọ́wọ́ kò gbọ́dọ̀ fi ṣeré ni ìmọ́tótó. Ẹ jẹ́ ká mú ti ikùn. Kí a tó tú rọ́bà, a óò ti fèrèsé, a óò pa fáànù, a óò lé ológbò jáde, a óò fi ọṣẹ fọ ọwọ́ dáadáa, a óò sì fi ìbòmú bo imú àti ẹnu. Ọwọ́ kò gbọ́dọ̀ kan ẹnu rọ́bà tí a fẹ́ so mọ́ báàgì. Nígbà tí omi bá jáde tán, ẹ gbé báàgì rẹ̀ lé orí ìwé ìròyìn. Bí ẹ bá lè ka lẹ́tà tó wà lábẹ́ rẹ̀ kedere, ó dára. Bí ó bá rú bí omi ògì, tí lẹ́tà kò hàn, ẹ má sọ pé ó di ọ̀la: kòkòrò lè ti wọ ikùn. Ẹ pe nọ́ọ̀sì lójú ẹsẹ̀, ẹ má sì da omi náà nù, wọn yóò fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹni tó ń lo ti apá, kó má sùn lé apá náà, kí ẹnikẹ́ni má sì fi ẹ̀rọ wo ẹ̀jẹ̀ ríru lára rẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń tú níbẹ̀ tí kò dá, ẹ fi ìka tẹ ojú ibẹ̀ gírígírí, ẹ gbé apá náà sókè, ẹ pe 999.

Ní ti iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti tòmátò, onímọ̀ oúnjẹ ọsibítù ni kó sọ iye tí aláìsàn lè jẹ. Àgbo tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti ilé, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bí ìyá ọkọ tilẹ̀ ń bínú.

Olùrànlọ́wọ́ náà nílò ìsinmi. Ní England, òfin Care Act ti ọdún 2014 fún ẹni tó ń tọ́jú ènìyàn lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí káńsù wá wo ohun tí òun fúnra rẹ̀ nílò. Ẹ bèèrè fún un. Ẹ bi ọsibítù bóyá wọ́n lè gba aláìsàn fún ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ lè mí. Ẹ sọ fún àbúrò tàbí ọ̀rẹ́ kan tó ṣeé fọkàn tán, kó máa bá yín gbé páálí, kó máa mú ọmọ lọ síléèwé. Bó bá sì wá di pé ẹ ń sunkún nínú bàlùwẹ̀, tí ẹ ń jágbe mọ́ ara yín lójoojúmọ́, ẹ pe nọ́ọ̀sì yín, ẹ sọ fún un pé ti ilé ti sú yín. Wọ́n á bá yín wá àga sí ọsibítù, wọ́n á sì wá gbé ẹ̀rọ wọn.